Ẹ Kàn sí Kétu Kí Ẹ Tó Kàn sí Lọ́ńdọ̀nù

Ó ṣòro kí ènìyàn gba ọ̀nà Sángo sí Ìfọ̀ láì rí pátákó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ "International" gàdàgbà sí lára. Bí mo bá pàdé ẹni tó ni irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ níbi ìnáwó, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi í: àwọn ọmọ ilẹ̀ wo ni àwọn ọmọ yín bá ṣiṣẹ́ pọ̀ ní táàmù tó kọjá? Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, a ní yàrá kọ̀ǹpútà, a sì ti gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i." Mo bá a yọ̀ fún ti ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹ má rò pé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni nìkan ni mò ń bá wí. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ni mo ti fẹ̀yìntì, ní ìhà Yewa, a ò sì sàn jù wọ́n lọ. Kí àwọn ọmọ wa máa bá ọmọ ilẹ̀ mìíràn kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ báyìí, ohun dáadáa sì ni. Nítorí ibi tí wọ́n kọjú sí ni mo ṣe ń bá wọn jà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ń wò, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè kan wà tí ọ̀kadà lè gbé wa dé láàárọ̀, ká sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n so wá pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ibẹ̀ bèèrè bóyá a ní omi, bóyá a ní bàtà. Kò pẹ́ ni páálí kan dé. Pẹ́ńsù ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ti gbẹ́ dé ìdajì, òmíràn sì ní ojú eyín ọmọdé ní ìdí. Kò burú, ọmọ tí kò ní á rí lò. Ṣùgbọ́n gbogbo táàmù yẹn, lẹ́tà ìdúpẹ́ ni àwọn ọmọ mi ń kọ. Ọmọbìnrin kan wà ní JSS 2 tí bàbá rẹ̀ ń dá oko kaṣú. Ó fẹ́ mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́hùn-ún, àti ohun tí àgbẹ̀ wọn ń ṣe bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Tíṣà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà lọ́dọ̀ wọn dáhùn pé ìyẹn ò sí nínú ètò. Sàárà la jọ ń ṣe, àwọn ń fún wa, àwa ń dúpẹ́. Ẹ̀kọ́ ò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ àjùmọ̀kọ́ ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, tíṣà abúlé kan tó ń jẹ́ Célestin Freinet gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré wọ kíláàsì rẹ̀ ní Bar-sur-Loup, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ohun tí àwọn ọmọ bá rí nílé àti lóko, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí kíláàsì tíṣà mìíràn ní Trégunc, létí òkun Brittany. Àwọn yẹn náà á tẹ tiwọn padà. Ọmọ orí òkè ń ka ìròyìn ọmọ etí òkun, kò sì sí ẹni tó ń ṣàánú ẹnì kejì. Ní 1988, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet ṣì ń fura síra wọn, wọ́n fi kọ̀ǹpútà so àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ New York pọ̀ mọ́ ti Moscow. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ iEARN ti ṣẹ̀, tó ti tàn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Nílé wa, ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ girama àgbà ní 2013, tòun ti ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ nínú rẹ̀. Mo yìn wọ́n, ó kéré tán, àpò ìwé fúyẹ́. Àmọ́ ọmọ nìkan ló dá jókòó ti ẹ̀rọ náà. Kò sí ọmọ mìíràn níbì kan tó ń retí èsì rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo Kétu. Ìlú Alákétu ni, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìlú aládé Yorùbá àtijọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe àdéhùn lórí ààlà, Ìmẹ̀kọ níhìn-ín bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Títí dòní, ọmọ Ìmẹ̀kọ ń kọ́ ìṣirò lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìbátan rẹ̀ ní Kétu ń kọ́ ọ lédè Faransé. Bí wọ́n bá pàdé níbi òkú ìyá àgbà, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Aago kan náà ni wọ́n ń lò pẹ̀lú.

Ẹ wo iṣẹ́ kan tí kò gbówó lórí. Ẹ mú ike omi tí ara rẹ̀ tọ́, ẹ gé orí rẹ̀, kí ẹ dojú orí náà kọlẹ̀ sínú ìyókù bí àrọ. Kí ẹ ti kọ́kọ́ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e ṣubú, ẹ bu omi bo òkúta náà, kí ẹ so rúlà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ike kí òódo rúlà bá ojú omi dọ́gba. Ẹ gbé e sí gbangba, níbi tí igi àti òrùlé ò ti ní dènà òjò. Láago mẹ́jọ àárọ̀, ọmọ tó kàn á ka mìlímítà, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì dín omi náà kù padà sójú òódo. Kétu ń ṣe bẹ́ẹ̀, Ìmẹ̀kọ ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Mìlímítà ò mọ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí Faransé. Kò ní pẹ́ tí àríyànjiyàn á fi dé: kí ló dé tí òjò tó fọ́ òrùlé lálẹ́ àná ní Kétu ò kán sílẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ? Ṣé ọjọ́ kan náà ni bàbá tibí àti bàbá tọ̀hún ń gbin àgbàdo? Wọ́n á gba ohùn àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́. Bí àwọn ará Kétu bá kọ Yorùbá wá, tiwa á rí ɛ àti ɔ níbi tí wọ́n ti ń retí ẹ àti ọ, wọ́n á sì mọ̀ ọ́n kà kí aago ìsinmi tó lù.

Àwọn kan á ní òbí ò ní sanwó nítorí Kétu. Ṣé àwọn òbí náà mọ̀ pé Faransé wà lára iṣẹ́ tí ọmọ wọn ń kọ́ ní JSS? Ọmọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn lédè Faransé láti ọdún yìí dé àmọ́dún, kò rí ẹni tí yóò kí.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé ẹrù yìí. Bí tíṣà kan bá ń fi dátà ara rẹ̀ ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i nípò ni gbogbo rẹ̀ parí. Ẹ fi àkókò rẹ̀ sínú táìmù-tébù. Kí fóònù jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ má fi dandan lé ìpàdé fídíò: nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já lẹ́bàá Côte d'Ivoire ní oṣù Kẹta 2024, àwọn báńkì wa pàápàá ò rọ́nà gbé e gbà. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ lè dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ní ti fọ́tò, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ní ká gba àṣẹ òbí kí a tó lo ìsọfúnni ọmọ rẹ̀, nítorí náà kí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ojú ọmọ ọlọ́mọ sórí Facebook kí kọmíṣọ́nà lè rí yín rọra.

Bí Kétu bá ti dúró dáadáa, ẹ sọdá òkun. Òfin 10.639 ti ọdún 2003 sọ ọ́ di dandan ní Brazil pé kí wọ́n kọ́ ọmọ ní ìtàn Áfíríkà. Ní Salvador, àwọn obìnrin tó ń fi epo pupa dín acarajé lójú pópó kò yàtọ̀ sí alákàrà wa, ohun tí ọmọ méjèèjì lè jọ wádìí sì pọ̀ níbẹ̀. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù níbí, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kàn má fi iṣẹ́ kankan sí oṣù Kìíní, ìsinmi gígùn wọn nìyẹn.

Oṣù Kẹsàn-án ni sáà ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ bíi tiwa. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìmẹ̀kọ, Ìlárá, Ayétòrò àti Ìláròó, ẹ wá ẹlẹgbẹ́ yín kan lọ sí Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ kí a tó wọlé. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ fi owó dátà kún owó tí wọ́n ń fún ilé-ẹ̀kọ́. Kò tó owó tí wọ́n fi ń yá àga àti tẹ́ǹtì fún ayẹyẹ ìṣílé yàrá kọ̀ǹpútà kan.