Ìsinmi Wo Lẹ Ń Sọ Gan-an?

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, wọ́n á kọ̀wé fún un pé kó lọ rí físíò. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, àwọn ẹbí fúnra wọn ló máa wá físíò kiri, wọ́n á tún máa bá a ka ìṣísẹ̀. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le gbagidi ńkọ́? Ìsinmi ni gbogbo ayé ń pàṣẹ fún un. "Ẹ lọ jókòó, bàbá." "Màmá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Wọ́n á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí pálọ̀, wọ́n á tan tẹlifíṣàn sí i. Nígbà tó bá yá, kò ní lè dìde lórí àga mọ́ àfi tí èèyàn bá fà á, ilé á wá máa sọ pé àìsàn yẹn ti wọ̀ ọ́ lára. Àwa ń sọ pé kì í ṣe àìsàn nìkan. Bẹ́ẹ̀dì yẹn náà lọ́wọ́ sí i.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá máa ń kó ṣúgà pamọ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sí àká. Lóru tí a kò jẹun, ibẹ̀ ni ara ti ń bù lò. Ẹ̀dọ̀ tó ti di ohun tí àwọn dókítà ń pè ní cirrhosis kò ní àká gidi mọ́. Ara á bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara fúnra rẹ̀. Òru kan ṣoṣo láìjẹun lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ dà bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta láìjẹun lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Apá á máa tín-ín-rín, ikùn á máa wú, omi inú ikùn á sì máa tan gbogbo wa jẹ: a gùn orí òṣùwọ̀n, kílò ò dín, ṣùgbọ́n ẹran ti lọ.

Ẹran yẹn kì í sì í ṣe ẹwà lásán. Iṣan wà lára ohun tó ń bá ẹ̀dọ̀ palẹ̀ amóníà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ̀dọ̀ bá kọṣẹ́, tí iṣan náà tún gbẹ, amóníà á gba orí lọ. Aláìsàn á máa sùn lọ́sàn-án, á máa sọ ìsọkúsọ, á máa ṣi orúkọ ọmọ ẹ̀ pè. Ibẹ̀ ni ẹbí ti máa ń ní ayé ló ń bá a jà. Ayé kọ́ o jàre.

Àwọn kan á tún ní kó gba ààwẹ̀ àìfomikan ọjọ́ mẹ́ta! A ò bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà. Ìsìláàmù gan-an yọ aláìsàn kúrò nínú ààwẹ̀, a ò sì rí pásítọ̀ tó máa ní kí ẹni tí ebi ti ń pa láti inú tún fi ebi kún ebi, tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Ẹ̀kọ mímu láàárọ̀, ẹ̀kọ mímu lálẹ́. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹ̀wà, ẹyin ńkọ́, èèwọ̀. Ìmọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dọ̀ nílẹ̀ Yúróòpù tẹ̀ jáde ní 2019 sọ pé gíráàmù 1.2 sí 1.5 èròjà amúaradàgbà lójúmọ́ fún kílò ara kọ̀ọ̀kan ló yẹ ẹni tó ní cirrhosis. Ẹni tó jẹ́ kílò 60 nílò gíráàmù 72 sí 90. Ẹyin kan jẹ́ bíi gíráàmù 6. Ẹ wá bá wa ṣírò iye tó wà nínú ife ẹ̀kọ. Wọ́n tún ní kó jẹ nǹkan díẹ̀ kó tó sùn: mọ́ínmọ́ín kan tó, àní wàràkàṣì gan-an dáa.

Ká má parọ́, ìdí wà tí ẹ̀rù fi ń bani. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọ̀nà ọ̀fun lè wú lára wọn, ó sì lè bẹ́. Nítorí ìyẹn ni dókítà ṣe gbọ́dọ̀ wò ó kó tó gbé irin tó wúwo, ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kò sì gbọ́dọ̀ ṣe eré ìdárayá rárá. Ṣùgbọ́n láti "má gbé irin" dé "má dìde" jìnnà gan-an. Ní Spain, wọ́n fún àwọn tó ní cirrhosis tí wọ́n sì sanra ní ọ̀sẹ̀ 16 eré ìdárayá pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n ń ṣọ́. Ní 2017 wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde, ìfúnpá inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀ lọ sílẹ̀. Nǹkan tí a ń bẹ̀rù pé ó máa ga, òun ló wálẹ̀.

Wọ́n á ní kò sówó, kò sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ wo? Ní San Francisco, ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń mọ bí aláìsàn ẹ̀dọ̀ ṣe lágbára tó: bó ṣe lè di nǹkan mú, bó ṣe ń yá a tó láti dìde lórí àga lẹ́ẹ̀màrún, àti bó ṣe lè dúró láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Yàtọ̀ sí irin kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọwọ́, àga àti aago ló kù. Àwọn físíò tó jáde ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó ò sì jìnnà sí wa. A kàn kì í kọ aláìsàn ẹ̀dọ̀ sí wọn ni.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìkan nìyí. 2004 ni abẹ́rẹ́ hẹpatáítíìsì B wọ inú abẹ́rẹ́ ọmọ ìkókó ní Nàìjíríà. Ẹ wo ọdún tí wọ́n bí yín.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ lé bàbá tàbí àǹtí yín lọ sí kìlíníìkì, ẹ má dìde níwájú dókítà láì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, físíò wo lẹ máa kọ wá sí?" Tí wọ́n bá ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dọ̀, ẹ rọra ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹ béèrè, pé wọn ò ṣe é.