Mastodon: Ilé Ta Ni Ká Dé Sí?



Láti ìgbà tí Elon Musk ti ra Twitter ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn kan nínú wa ti ń ní ká kó lọ sí Mastodon. A ò bá wọn jà. Àmọ́ Mastodon kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Eugen Rochko gbé e jáde ní Jámánì ní 2016, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ló sì lè dá sáfà tirẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni kọ́lé tó gba ayálégbé. Ọ̀rọ̀ ń lọ láti ilé kan sí èkejì: ẹni tó wà ní sáfà ilẹ̀ Faransé lè ka ọ̀rọ̀ ẹni tó wà ní ti Amẹ́ríkà, kó sì fèsì.

Nítorí èyí, àwọn kan ní kò sí èyí tá ò lè yàn. Èrò tiwa kọ́ nìyẹn. Onílé lágbára. Òun ló ń ṣòfin ilé. Ó lè dínà mọ́ odindi sáfà mìíràn, kí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín tó wà níbẹ̀ má rí ara yín mọ́. Ó lè ka ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ yín bó bá fẹ́. Ó sì lè ti ilé pa: mastodon.technology kógbá sílé ní 2022, mastodon.lol tẹ̀ lé e ní 2023. Ẹni tó bá tètè kó jáde lè kó àwọn tó ń tẹ̀ lé e lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ti kọ kò ní bá a lọ. Oríkì àti ìtàn ìlú tá a fi ọdún mẹ́ta kọ, ṣé ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Torí náà, ẹ wo ẹni tó ni ilé. Ṣé alábòójútó ju ẹnì kan lọ? Níbo lowó ti ń wọlé? Àwọn sáfà tí joinmastodon.org tò sílẹ̀ ti ṣèlérí pé àwọn á kéde ní oṣù mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó ti ilé. Ìyẹn sàn.

Èyí tó kàn wá jù ni èdè. Bí ẹnì kan bá fi Yorùbá bú ọmọ wa, alábòójútó tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní mọ̀ bóyá èébú ni tàbí àwàdà. Bẹ́ẹ̀, sáfà kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ gbogbo ará ilé ti ń hàn. Bá a bá fọ́n ká, méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, a ò ní rí Yorùbá kà níbẹ̀. Bí àádọ́ta wa bá kóra jọ, ojú ìwé náà á di ọjà tiwa.

Àwọn kan ní ká dá tiwa sílẹ̀ lọ́la. A ní ká sinmi ná. Oṣooṣù lowó ń jáde lórí sáfà, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í sùn. Kí ẹni mẹ́ta tó gbà láti ṣe é, àti owó ọdún kan, kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Títí dìgbà náà, ẹ jẹ́ ká jọ yan ẹyọ kan tí kò tóbi jù, ká bẹ onílé kó fi ẹnì kan wa kún àwọn alábòójútó, ká sì máa yan Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè nígbà tá a bá ń kọ̀wé.

Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló fa ààlà gba àárín wa ní 1889. Níbí, kò sẹ́ni tó fa ààlà fún wa. Ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ ara wa fà á.

Kí lẹ rí sí i? Sáfà wo lẹ wà, báwo lonílé sì ṣe ń ṣe sí yín? Ẹ sọ fún wa.