Òkìtì Òkúta Barnenez: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Náà

Ohun tí a ní ni à ń náání; ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Òwe yìí ni a fi ṣí ọ̀rọ̀ tí a ní í bá ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú sọ ní oṣù yìí.

Ní Brittany, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, òkìtì òkúta ńlá kan wà tí ó kọjú sí òkun; Barnenez ni orúkọ rẹ̀. Òkúta ni a tò lé ara wọn láìfi amọ̀ lẹ̀ wọ́n. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 72, yàrá òkú 11 ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ó ti ju 6,000 ọdún lọ tí a ti kọ́ ọ, ó sì ṣáájú ibojì gogoro àwọn ọba Íjíbítì.

Ní ọdún 1954, agbaṣẹ́ṣe kan tí ó ń wá òkúta fún iṣẹ́ ọ̀nà dé ibẹ̀. Òkìtì kékeré tí ó wà nítòsí ni ó kọ́kọ́ kó, díẹ̀ ni ó kù kí ó kó o tán. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí èyí tí ó tóbi, tí ó ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yàrá àwọn òkú fi hàn síta. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn figbe ta, tí a dá iṣẹ́ náà dúró, tí ọ̀mọ̀wé Pierre-Roland Giot sì fi ọdún púpọ̀ wú ohun inú rẹ̀ jáde, tí ó sì tún un ṣe, títí di ọdún 1968.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyèsí i pé agbaṣẹ́ṣe yìí kì í ṣe ọ̀tá ìlú. Ohun rere ni ọ̀nà jẹ́. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ láti nǹkan bí ọdún 1850 pé ibojì ni òkìtì náà, ṣùgbọ́n ọdún 1956 ni òfin ìjọba tó dáàbò bò ó. Ìmọ̀ wà nínú ìwé, kò sí àmì lórí ilẹ̀. A sì yìn wọ́n pé wọn kò bo ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀. Títí di òní ni àlejò ń rí i.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Erédò Sùngbọ́, odi erùpẹ̀ àti yàrà àwọn baba wa, lọ jìnnà tó nǹkan bí kìlómítà 160. Òkìtì erùpẹ̀ lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Èrò wa ni pé kí olórí ìlú kọ̀ọ̀kan tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà ní ilẹ̀ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín, kí ó fi àmì sí ààlà rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí a tó pe ẹni tí yóò la ọ̀nà. Bí a bá ti kó o tán, ẹkún kò lè tò ó padà.