Ẹ Kọ Ohun Tí Ẹ Rí

Ẹ fọwọ́ kan ara àgbá tí àwọn wẹ́dà fi ń po kábáídì, ẹ ó rí i pé ó gbóná, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dáná sí i nídìí. Omi ló bá kábáídì pàdé nínú, gáàsì jáde, ooru sì bá a jáde. Ẹ lọ bá ìyá tó ń ṣe ọṣẹ náà: tó bá da sódà sómi tán, kò ní tọwọ́ bọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Àwọn wọ̀nyí mọ ooru dáadáa. Iye rẹ̀ ló kù.

Àwọn tó ń kọ́ ọmọ wa láti mọ iye rẹ̀ la fẹ́ kí lónìí: ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísírì ní Èjìgbò àti káàkiri Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o! Yìnyín ni Lavoisier àti Laplace fi wọn ooru nílẹ̀ Faransé nígbà òtútù 1782 sí 1783. Iye omi tó yọ́ ni wọ́n fi mọ iye ooru tó jáde. Ẹ̀yin ò rí yìnyín lò (iná mànàmáná wa náà kúkú mọ ìdí rẹ̀). Ife fóòmù tí wọ́n fi ń ta tíì tẹ́lẹ̀ lẹ fi ń ṣe tiyín, pẹ̀lú témómítà kan àti páálí tẹ́ ẹ gé ṣe ìdérí.

Ọmọ á da 50 cm³ ásíìdì sínú ife, á da 50 cm³ omi sódà lé e, á rò ó, á tẹjú mọ́ témómítà. Èyí tó wà ní 28 tẹ́lẹ̀ á gun òkè dé 34 àbọ̀. Á fi 100 gíráàmù lọ́po 4.18, á tún fi 6.5 lọ́po rẹ̀, á wá pín in dórí mole: kilojoule 54 fún mole kan. Ìwé sì ní 57.

Ibí yìí gan-an ni oríyìn wa dá lé. Ó rọrùn kí olùkọ́ ní kí ọmọ pa 54 rẹ́, kó kọ 57, kí máàkì lè pé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, “Ohun tó o rí ni kó o kọ,” tí ẹ tún ń bi í pé ibo ni mẹ́ta yòókù gbà lọ, ẹ ṣeun. Ife mu díẹ̀, afẹ́fẹ́ gba díẹ̀, témómítà fúnra rẹ̀ bù lára ooru náà. Ọ̀la ẹ ó fún un ní yúríà tí àgbẹ̀ ń lò, kó dà á sómi, kó rí i bí ife ṣe ń tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ooru náà mọ bá a ṣe ń wọlé.

Nígbà tí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń lọ sílé, tó ń yà fún táńkà tó ń jáde ní ibùdó epo Èjìgbò, tó gbọ́ pé kílò pẹtiróò kan tó bá jóná lè mú bíi 46,000 kilojoule jáde, kò ní kàn mi orí. Á béèrè ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ ó sì dá a lóhùn: ìkòkò irin tó nípọn, tí wọ́n fi ọ́síjìn kún, tí wọ́n rì sínú omi, témómítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ife fóòmù yín náà ni, owó ló fi jù ú lọ.

A rí àwọn ife yẹn lójú fèrèsé yín, ẹ ti fọ̀ wọ́n, ẹ dojú wọn délẹ̀ de kíláàsì ọ̀la.