Ẹni tí ń Gba Ènìyàn Síṣẹ́ ní Lẹ́kkí

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé kò sí iṣẹ́ tí ó rọrùn tó iṣẹ́ ẹni tí ń gba ènìyàn síṣẹ́. Wọn a ní orí àga ni ó ń jókòó sí láti òwúrọ̀ di alẹ́, ìwé ni ó ń yẹ̀ wò, ẹni tí ó bá wù ú ni ó ń mú, ẹni tí kò bá wù ú ni ó ń tì sẹ́yìn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ pé bí ènìyàn kò bá mú nǹkan lọ́wọ́ lọ bá a, asán ni ìrìn àjò olúwarẹ̀. N kò sọ pé kò sí oníwà ìbàjẹ́ láàrin wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ iṣẹ́ náà wò fínnífínní, pàápàá jù lọ ní Lẹ́kkí Free Zone ní ìpínlẹ̀ Èkó, a óò rí i pé ẹrù tí a gbé lé alábòójútó òṣìṣẹ́ lórí wúwo, àti pé púpọ̀ nínú ẹrù náà kì í ṣe òun ni ó dì í.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń wí. Bí a bá kọjá Àjàh, tí a gba Sángótẹ̀dó àti Awóyayà, tí a dé oríta Ẹlẹ́kọ̀ọ́, tí a sì yà sí ìhà òkun, ilẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ni a wà. Ẹja pípa, oko ẹ̀gẹ́ àti àgbọn ni a mọ̀ mọ́ àwọn ará ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ọdún 2006 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ilé-iṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Ṣáínà fọwọ́sowọ́pọ̀ láti sọ apá kan ilẹ̀ náà di àgbègbè òwò, níbi tí àwọn oníṣòwò lè kó ẹ̀rọ àti ẹrù wọlé láìsan owó-bodè. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni a ṣí èbúté ńlá Lẹ́kkí, tí àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá lè gúnlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí a kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kìíní ọdún 2024 ni epo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀.

Nígbà tí a ń kọ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ọwọ́ kì í pọ̀ jù. Alápò sìmẹ́ǹtì, bíríkìlà, ajórin, awakọ̀, alásè, gbogbo wọn ni ó ń rí ṣe, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ni wọ́n. Ọjọ́ tí iṣẹ́ ìkọ́lé bá parí ni ọ̀ràn yí padà, nítorí ẹ̀rọ ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà lọ, àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ó mọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà ni yóò sì máa ṣọ́ ọ. Àwọn tí ó ti jẹun níbẹ̀ lánàá yóò padà wá sí ẹnu ọ̀nà, wọn yóò bá àlejò láti Ìbàdàn, Kánò àti Ẹnúgù níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nínú ọ̀rá. Alábòójútó òṣìṣẹ́ ni wọn yóò bínú sí. Kò sì sí ohun tí ó lè ṣe tí àga mẹ́wàá yóò fi di ọgọ́rùn-ún.

A ti rí ohun tí irú èyí lè dà bí a kò bá fi ọgbọ́n tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, àjọ tí ń ṣọ́ ẹnu ibodè orílẹ̀-èdè wa pe àwọn tí ń wá iṣẹ́ sí pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà. Ipò iṣẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀ kò tó 5,000. Àwọn tí ó kọ̀wé ju 500,000 lọ, a sì ti gba 1,000 náírà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ó tó kọ̀wé. Nígbà tí èrò ti ara wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà tóóró ní Àbújá, Port Harcourt àti ibòmíràn, ó kéré tán ènìyàn 15 kú, àwọn aboyún sì wà nínú wọn. Lójú tèmi, ẹni tí ó ti mọ iye àga tí ó wà, tí ó sì tún ń gba owó lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn nítorí àga kan ṣoṣo, ó ti ṣẹ̀ wọ́n kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.

Èyí tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwé pélébé tí àwọn ènìyàn ńlá máa ń fi rán ọmọ sí ọ́fíìsì: "Ọmọ mi ni ẹni tí ó mú ìwé yìí wá, ẹ bá mi ṣe é." Baálẹ̀ fi ọ̀kan ránṣẹ́, ọ̀gá ọlọ́pàá fi ọ̀kan, olóṣèlú fi mẹ́fà. Ẹ wo àlàyé tí ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 30 fẹ́ ṣe fún Baálẹ̀ tí ó fi irun funfun ránṣẹ́ sí i! Bí ó bá kọ̀, wọn a ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bí ó bá gbà, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ni ó gbé sídìí ẹ̀rọ tí ó lè pa ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìwé pélébé, kò sì yẹ kí a pa méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ tí bàbá wọn fi ń dáko ni ilé-iṣẹ́ dúró lé lórí. Ní ọdún 2007, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ìlú tí ọ̀ràn náà kàn jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sì wà lára ohun tí a ṣèlérí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ dé, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ni pé wọn kò mọ iṣẹ́. Ó dun ni, àmọ́ òótọ́ kò jìnnà sí i: a kì í fi ìmọ̀ ẹja pípa ṣọ́ ìkòkò tí a fi ń fọ epo rọ̀bì. Inú bíbí lórí ilẹ̀ àti ohun tí ó tọ́ sí wọn kò sì jẹ́ ohun eré. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ọ̀gá àgbà kan nínú àwọn tí ń ṣàkóso Free Zone pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń fi ẹ̀hónú hàn.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Láti ọdún 2006 ni gbogbo wa ti mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ń bọ̀. Ọmọ tí a bí ní Ìdáṣọ̀ tàbí Àkódò ní ọdún náà ti dàgbà tó ẹni tí ń wá iṣẹ́ báyìí. Bí a bá ti kọ́ ọ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, irin jíjó àti iná mànàmáná láti ilé-ìwé, kò ní sí ìdí tí a ó fi máa wí fún un lónìí pé ọwọ́ rẹ̀ òfìfo ni. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo náà rán àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà lọ sí òkè òkun láti kọ́ṣẹ́, ó sì tún gba ọ̀pọ̀ onímọ̀ láti ilẹ̀ Íńdíà. Èmi kò bá wọn jà lórí èyí. Ohun tí mo ń bi àwọn alábòójútó òṣìṣẹ́ ni pé, kí ni a fi ń béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa ka àpò ní ilé ìkẹ́rùsí? Kí ni a fi ń béèrè ìrírí ọdún márùn-ún lọ́wọ́ ọmọ ọdún 22? Iṣẹ́ wà tí ọmọ Ìbẹ̀jú tí ó jáde ìwé mẹ́wàá lè kọ́ láàrin oṣù mẹ́ta. Yíya irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ wà ní ìkáwọ́ alábòójútó òṣìṣẹ́ gan-an.

Ohun kejì tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ìwé. Ọ̀pọ̀ alágbàṣe ni kì í ṣe ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó gbà wọ́n, bí kò ṣe agbaṣẹ́ṣe kan tí òun náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe mìíràn. Ẹ bi irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pé ta ni ọ̀gá rẹ̀, yóò dárúkọ ẹni tí ń fi ọkọ̀ gbé wọn ní òwúrọ̀. Bí irin bá já lé e lẹ́sẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ? Bẹ́ẹ̀ sì ni Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ ọ́ kedere pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí a kọ orúkọ ilé-iṣẹ́, irú iṣẹ́, owó oṣù àti ìlànà ìfiṣẹ́sílẹ̀ sí. Òfin kan náà sọ pé ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan ni kí a fi kìlọ̀ fún un kí a tó dá a dúró.

Ìdádúró yìí sì ni ó burú jù nínú iṣẹ́ náà. Òfin tí ó dá irú àgbègbè òwò báyìí sílẹ̀ ní ọdún 1992 ní kò gbọdọ̀ sí ìyanṣẹ́lódì níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láti ìgbà tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Òfin kò lè di ẹnu ẹni tí ebi ń pa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ìfọpo náà yọ òṣìṣẹ́ tí ó ju 800 lọ. Ilé-iṣẹ́ ní àtúntò ni òun ń ṣe, nítorí àwọn kan ń ba nǹkan jẹ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ PENGASSAN ní nítorí pé wọ́n wọ ẹgbẹ́ ni, ó sì pàṣẹ ìyanṣẹ́lódì jákèjádò orílẹ̀-èdè títí ìjọba àpapọ̀ fi dá sí i, tí a sì gbà pé kí a pín àwọn tí a yọ sí ilé-iṣẹ́ Dangote mìíràn láìdín owó wọn kù. N kò jókòó síbi tí wọ́n ti gbèrò rẹ̀, n kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, akọ̀wé kan ni yóò jókòó tẹ lẹ́tà wọ̀nyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá tí òun náà mọ ọmọ àti aya àwọn tí ó ń kọ̀wé sí. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ: kò sí òfin tí ó ní kí lẹ́tà ìdádúró má ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ̀ nínú, tàbí kí ó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́.

Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ tí mo kọ́ níwèé, kì í ṣe pé a kò gbà wọ́n ni ó dùn wọ́n jù. Èyí tí ó dùn wọ́n ni pé ẹnikẹ́ni kò dá wọn lóhùn. Wọ́n fi owó ọkọ̀ lọ, wọ́n ṣe ìdánwò, a ní kí wọ́n máa lọ sílé, a óò pè wọ́n; oṣù mẹ́fà kọjá, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tí ó gbọ́ "rárá" ní ọjọ́ Ajé lè wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Nítorí náà, kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kan pátákó mọ́ ọjà Àkódò àti ti Lẹ́kkí, kí wọ́n sì fi èdè Yorùbá kọ iye àga tí ó ṣí sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń fẹ́, àti ọjọ́ tí gbogbo ẹni tí ó kọ̀wé yóò gbọ́ èsì síbẹ̀. Owó tí yóò ná wọn kò tó nǹkan. Bí wọn kò bá sì ní ẹni tí yóò kọ ọ́ ní Yorùbá tí ó gún régé, kí wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìwé girama tí ó wà nítòsí. A ní àwọn ọmọ tí ó lè kọ ọ́.