Pèrègún Kì í Mu Omi Lójoojúmọ́

Oṣù Èrèlé ti wọlé. Nílùú London tí mo ń gbé, ìrì dídì ṣì ń bo orí koríko lówùúrọ̀, afẹ́fẹ́ òtútù ṣì ń géni létí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í tètè ṣú mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ní ọjọ́ tó kúrú jù lọ nínú oṣù Ọ̀pẹ, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán níbí kì í pé wákàtí 8. Kí oṣù Èrèlé tó parí, yóò ti lé ní wákàtí 10. Èmi àti ẹ̀yin lè máà tètè fura, àmọ́ àwọn ewéko tó wà lójú fèrèsé ti mọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe.

Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, mo pa pèrègún kan. Àǹtí mi tó ti pẹ́ nílùú yìí ló fún mi lọ́jọ́ tí mo gba yàrá tèmi. Wọ́n ní kí n gbé e sójú fèrèsé, kí ọkàn mi má baà máa fà sílé jù. Nílé wa, igun ilẹ̀ bàbá mi ni pèrègún wà. Òun la fi ń mọ ààlà wa àti ti aládùúgbò. N kò rí i rí kí ẹnikẹ́ni bomi rin ín. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé níwọ̀n bí èmi àti òun ti jọ jẹ́ àlejò níbí, ó yẹ kí n kẹ́ ẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láràárọ̀ ni mo ń fún un lómi. Nígbà tí ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo ṣe bí òùngbẹ ni, mo bá fi kún omi. Kí oṣù náà tó parí, ìdí rẹ̀ ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, òórùn rẹ̀ sì ti gba yàrá.

Mo pe màmá mi lórí fóònù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ọ pé pèrègún a máa mu omi lójoojúmọ́? Gé ibi tó bá ṣì le lára rẹ̀, kó o tún un gbìn.”

Mo ṣe bí wọ́n ti wí. Mo gé e lókè ibi tó jẹrà, mo kì í bọ inú ife omi mímọ́, mo sì ń pààrọ̀ omi náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí gbòǹgbò tó yọ, kí n tó gbé e sínú ilẹ̀dú. Òun ló dúró níwájú mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni ewéko fi ń se oúnjẹ ara rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù, iná ìdáná rẹ̀ lọ sílẹ̀ nìyẹn, omi tí yóò mu kò sì ní í pọ̀. Omi tí kò bá mu yóò dúró sínú ìkòkò, yóò sì dí àwọn àlàfo tí gbòǹgbò fi ń mí. Gbòǹgbò tí kò rí èémí yóò jẹrà. Ibi tí ẹ̀tàn wà ni pé, bí gbòǹgbò bá ti jẹrà, kò lè fa omi sókè mọ́, ewé yóò wá rọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tún bu omi sí i.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí kò le. Kí n tó bomi rin ohunkóhun, mo máa ń ti ìka bọ inú ilẹ̀ rẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ó bá ṣì tutù níbẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí ìdajì òkè ilẹ̀ pèrègún gbẹ ná. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo ń lò, mo sì máa ń da èyí tó bá sẹ̀ sínú àwo abẹ́ ìkòkò nù. Ìkòkò tí kò bá ní ihò nísàlẹ̀, ẹ má ṣe gbin nǹkan kan sínú rẹ̀.

Ọ̀já ìkookò tilẹ̀ le ju pèrègún lọ. Ẹ ti lè rí i níbi tí wọ́n ti ń ta òdòdó: ewé gígùn tó dúró ṣánṣán, tí ìlà rẹ̀ rí bí ọ̀já tí a fi ń pọnmọ. Àwọn ará ibí ń pè é ní ahọ́n ìyá ọkọ, nítorí ṣóńṣó orí rẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló ti wá, Nàìjíríà sì wà lára ilẹ̀ àbínibí rẹ̀. Nígbà òtútù, ó lè lo oṣù kan gbáko láìfẹnu kan omi.

Ọ̀tá kejì ni ẹ̀rọ amúlé-gbóná. Ó ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé bí ọyẹ́ ti ń ṣe nílé, ṣóńṣó ewé á sì máa jóná. Ẹ gbé ìkòkò jìnnà sí i díẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù nu eruku ojú ewé, kí ìmọ́lẹ̀ kékeré tó wà lè ráyè wọlé, kí ẹ sì yẹ abẹ́ ewé wò bóyá kòkòrò pupa tín-ín-tín tí ń ta òwú bí aláǹtakùn ti dé síbẹ̀. Bí ẹ bá rí kantíkantí tí ń fò lórí ilẹ̀ ìkòkò, omi ti pọ̀ jù nìyẹn. Ní ti ajílẹ̀, ẹ jẹ́ kó di ìparí oṣù Ẹrẹ́nà.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró: gbígbin ata rodo. Lọ́dún àkọ́kọ́, oṣù Igbe ni mo tó gbìn ín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná nígbà tí òtútù dé, n kò sì ká ẹyọ kan. Ata rodo ń fẹ́ ooru fún ìgbà pípẹ́, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí sì kúrú. Nítorí náà, inú ilé la ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní Èrèlé yìí gan-an.

Ẹ má ṣe di hóró ata sínú àpótí láti ilé wá o. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí a mú irúgbìn ata tàbí tòmátò wọlé láìní ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko. Ẹ ra irúgbìn níbí, tàbí kí ẹ yọ ọ́ lára ata tó pọ́n dáadáa láti ọjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ lè má jọ ìyá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ má baà fọwọ́ nu ojú. Ẹ gbin hóró náà ní bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà sínú ilẹ̀dú tó rọ̀, kí ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ sì gbé e síbi tí ooru rẹ̀ bá tó 25 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó lè hù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè tó oṣù kan. Ní kété tó bá yọjú, ẹ ṣí ọ̀rá kúrò, kí ẹ gbé e lọ sí fèrèsé tó kọjú sí gúúsù, kí ẹ sì máa yí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ga gọgọrọ, ọrùn rẹ̀ á sì tín-ín-rín. Kó tó di oṣù Òkúdù, kò gbọ́dọ̀ sun ìta mọ́jú.

Ewédú ní tirẹ̀ lè dúró di oṣù Èbìbì. Ẹ rántí pé èèpo irúgbìn rẹ̀ le: ẹ dì í sínú aṣọ, kí ẹ rì í bọ omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ sì gbé e jáde kíá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é nílé.

Bí sùúrù yín bá fẹ́ tán kí ìgbà ìrúwé tó dé, ẹ lọ sí Kew Gardens lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ wọ Palm House, ilé onígíláàsì tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1844 sí 1848. Bí ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn, ooru ilé wa ni yóò pàdé yín.

Lánàá, pèrègún mi yọ ewé tuntun láti àárín. Ó kéré, ó sì ṣì ká jọ. Àǹtí mi ń bọ̀ wá kí mi lópin ọ̀sẹ̀, wọn kò sì tíì mọ̀ títí dòní pé èyí tí wọ́n fún mi kọ́ ló dúró síbẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ni. Bí wọ́n bá ka èyí kí wọ́n tó dé, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.