Eré Sísá Nìkan Kọ́ Ni Ọgbọ́n

Gbogbo ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà, ìyára ló fi ń polówó ọjà. Ti ọdún yìí yá ju ti èṣí lọ! Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi àwọn tó ń ṣe ṣípù léèrè: kí lẹ fi dí eré náà?

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà yára púpọ̀ ju ibi tó ti ń mú ohun tó fẹ́ lò lọ. Ó wá ń dúró, ó ń retí. Àwọn oníṣípù kórìíra ìdúró yẹn, ni wọ́n bá kọ́ ọ ní ìméfò: kó máa ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ̀ ẹ́. Ó dà bí olóúnjẹ tó rí oníbàárà lọ́ọ̀ọ́kán, tó ti sáré bu ẹ̀wà. Bí oníbàárà bá ní ìrẹsì lòun fẹ́, á da ẹ̀wà padà sínú ìkòkò. Ó tán, àbí? Kò tán o! Epo ṣì wà lára àwo. Ẹni tó bá wo àwo ti mọ ohun tó wà nínú ìkòkò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn olùwádìí, lára wọn Jann Horn ti Google àti àwọn ará Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Graz ní Austria, tú àṣírí Meltdown àti Spectre. Meltdown kan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ṣípù tí Intel ṣe láti 1995. Spectre kan Intel, AMD àti ARM. Nínú ti Meltdown, ṣípù á ti lọ mú ohun èèwọ̀ kó tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n gbà á láyè. Ohun tó bá ti mú sún mọ́ra, kíá ló ń yá láti tún mú. Olè kàn máa wọn àkókò ni, ọ̀rọ̀ àṣírí báńkì yín dọwọ́ ẹ̀.

Wọn ò lè ní àwọn ò gbọ́ ìkìlọ̀. Ní 2005 ni Daniel Bernstein ti fi hàn pé èèyàn lè ti ara wíwọn àkókò yọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí jáde nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n sì wá lẹ ibi tó ya, eré dínkù lẹ́nu àwọn iṣẹ́ kan. Ta ló jẹ gbèsè ọ̀hún? Ẹni tó ti sanwó eré tẹ́lẹ̀ ni!

Wọ́n á ní láìsí ìméfò, kọ̀ǹpútà á máa wọ́ bí ìgbín. Òótọ́ ni. Ta ló ní kí wọ́n má sáré? Kí wọ́n kọ́kọ́ tilẹ̀kùn la wí. Ẹni tó sáré dé ọjà ṣáájú gbogbo ayé, tó ṣílẹ̀kùn ilé sílẹ̀ gbayawu, kí ló fẹ́ padà wá bá nílé?